Ìwádìí kọ́ ni ìwé kíkà nìkan

Ẹ̀yin àgbà wa nínú èdè, mo kí yín láti Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a fi "ìwádìí" mọ sórí ohun tí ènìyàn bá rí nínú ìwé, kí a sì máa pe èyí tí ó bá fojú ara rẹ̀ rí ní "ìrírí". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àbá náà.

"Wá" àti "ìdí" ni ó so pọ̀ di "wádìí". Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí ń wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ kì í ṣí ìwé. Ẹni tí oko rẹ̀ bá ààlà pàdé ni wọ́n ń bi, wọn a sì lọ wo pèrègún tí ó wà níbẹ̀. Ìrírí ní tirẹ̀ lè bá ènìyàn láìjẹ́ pé ó wá a lọ. Ẹni tí òjò pa ní ìrírí òjò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé igbá síta, tí ó ń wọn omi rẹ̀ láràárọ̀, ìwádìí ni ó ń ṣe.

Mo ti kà á pé àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlélé, àdúgbò kan ní Ìlọrin níbí, máa ń ti inú iná bọ ìkòkò sínú omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irúgbá sè, kí ara rẹ̀ lè dúdú kí ó sì dán. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo dúró tì wọ́n ni mo rí i pé ìyá kan fi igi gígùn fa ìkòkò tí ó pọ́n bí ẹyin iná jáde, ó yí i nínú omi náà, èéfín bò wá, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà kí n tó ṣẹ́jú. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tí ó jinná. Wọ́n fi èékánná ta ọ̀kan tí ó ti tutù, ó dún gooro, wọ́n ní ohùn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí èyí nínú ìwé tí mo kà. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ìwé náà, n kì bá tí mọ ohun tí ǹ bá bi wọ́n.

Nítorí náà, mo dábàá "ìfìwéwádìí" àti "ìfojúwádìí", kí "ìwádìí" lè jẹ́ ìyá fún méjèèjì. ("Iṣẹ́ orí pápá" tí àwọn kan ń kọ fún "fieldwork" ti Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá: èdè ẹlòmíràn ni a kàn da aṣọ wa bò.) Mo tún fẹ́ "ìfetíwádìí", nítorí pé "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" kò kárí ẹni tí ó jókòó tí ó ń gbọ́ ìtàn. Lẹ́nu àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni àlùfáà Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé, Johnson sì kú, kí àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Àwa tí a ń kà á lónìí ń ṣe ìfìwéwádìí lórí ohun tí ẹlòmíràn fi etí wádìí.

Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, bí àwọn àgbà yín ní Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà bá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe kí ènìyàn jókòó ti oníṣẹ́ títí yóò fi mọ ìdí iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ṣọwọ́, n ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á dípò "ìfojúwádìí" tèmi.