Orúkọ wo ni kí a pe àárẹ̀ tó ń mú kí ayé sú ènìyàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Mo ti ń ka àwọn èsì tó ń wọlé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ kí a máa lò fún àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní depression. Bí ó bá yé mi dáadáa, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fẹ́ kí a máa pè é ní "àrùn ìbànújẹ́". Arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fara mọ́ "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn", nítorí òun ni ó máa ń gbọ́ lórí rédíò. Àwọn mìíràn sì ní "ìsoríkọ́" ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ni a tún ń wá kiri. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí pé n kò lè gba ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí rẹ̀ sì ti ẹnu iṣẹ́ mi wá.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn aláìsàn tó ń sọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọ̀dọ̀ màmá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Dókítà béèrè bóyá wọ́n ní depression. Èmi náà, láì rò ó síwá sẹ́yìn, mo bi wọ́n pé: "Mà, ṣé inú yín máa ń bàjẹ́?" Màmá na ara sókè lórí àga, wọ́n ní: "Rárá o! Kí ni yóò ba inú mi jẹ́? Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Inú mi dùn, Ọlọ́run ṣeun." Mo tú u gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Ìgbà tí mo ń bá wọn wọ ẹ̀wù òtútù kí a lè jáde ni wọ́n rọra sọ fún mi pé: "Ọmọ mi, ayé ló sú mi. Tí mo bá sùn, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ má mọ́. Oorun gan-an kì í wá, oúnjẹ kì í wọlé, orí mi ń gbóná, wọ́n á gbé ọmọ-ọmọ mi lé mi lẹ́sẹ̀, bí igi ni yóò rí lára mi." Mo sáré lọ pe dókítà padà.

Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ lò níbẹ̀, kì í ṣe màmá ni wọ́n purọ́. Ní èdè wa, inú kì í dédé bàjẹ́. Ohun kan tàbí ẹnì kan ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá bi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin bóyá inú rẹ̀ bàjẹ́ ń béèrè, láìfẹnu sọ ọ́, bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ tàbí bóyá ọmọ rẹ̀ kan ti yà bàrá, ìyá náà kò sì ní fi ẹnu ara rẹ̀ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé. Àìsàn yìí kò sì nílò kí ohun kan ṣẹlẹ̀. Ó lè tẹ̀lé ikú ẹni tí a fẹ́ràn tàbí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó lè bá ìdílé kan rìn láti ìran dé ìran, ó lè tẹ̀lé ọmọ bíbí tàbí àìsàn ara mìíràn, ó sì lè dé bá ẹni tí gbogbo ará àdúgbò ń sọ pé ayé rẹ̀ dùn bí oyin.

Ohun tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìbànújẹ́ kò pọn dandan nínú rẹ̀ rárá. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013 ka àmì mẹ́sàn-án: kí ọkàn wúwo; kí ohun tí ènìyàn máa ń gbádùn má wù ú mọ́; kí oúnjẹ tàbí ìwọ̀n ara yí padà; kí oorun dá lójú tàbí kí ó pọ̀ jù; kí ara má lélẹ̀ tàbí kí ó máa fà nílẹ̀; kí ó máa rẹ ènìyàn; kí ó máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò tàbí kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi; kí ó má lè pa ọkàn pọ̀ sójú kan; kí èrò ikú sì máa wá sí i lọ́kàn. Márùn-ún nínú wọn gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún náà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí kò bá ní ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tó ní ìkejì pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn, ti ní àìsàn náà pátápátá láì sunkún lẹ́ẹ̀kan. Kí ni a ó wá máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí a bá ti pe àìsàn rẹ̀ ní àrùn ìbànújẹ́?

Mo bọ́ sórí "ìrẹ̀wẹ̀sì" àti "ìsoríkọ́". Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi wo irú ọ̀rọ̀ báyìí, mo máa ń pè é ní ìdánwò "má". Gbogbo wa la máa ń sọ fún ara wa pé "má banújẹ́", "má rẹ̀wẹ̀sì", "má sorí kọ́". Nínú Orin Dáfídì kejìlélógójì pàápàá, nínú Bíbélì àtijọ́, ọkàn ni wọ́n ń bi léèrè ìdí tí orí rẹ̀ fi tẹ̀ ba, bí ẹni pé ó lè dáhùn kí ó sì gbé orí náà sókè. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìnnìjìnnì kí ó ní "má ní ibà mọ́". Gírámà èdè wa ló fa èyí. Nínú "ó rẹ̀wẹ̀sì" àti "ó sorí kọ́", ènìyàn ni olùwà, òun ló ṣe é, a sì lè pàṣẹ fún un pé kí ó jáwọ́. Nínú "ibà ń ṣe é", "wárápá mú un", "òtútù ń mú mi", àìsàn ni olùwà, ènìyàn sì jẹ́ àbọ̀, ìyẹn ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí. Lóòótọ́ ni pé a lè sọ pé "ìrẹ̀wẹ̀sì bá a", n kò fi ìyẹn pamọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò jìnnà sí i: bí ẹ bá ti sọ fún ìdílé kan pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe bàbá wọn, ìṣírí ni wọn yóò máa gbé wá fún un, bí ìṣírí kò bá sì ṣiṣẹ́, ìbáwí ni yóò tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń sọ, kí ó wo ọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá gbé e mì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, ìgbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí aláìsàn tó rí ìyàtọ̀ gidi. Ẹni tó gbà pé ìbànújẹ́ lásán ni òun ń lo oògùn sí yóò ti jù ú nù ní ọjọ́ kẹrin. Ẹni tí a sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe é mọ̀ pé oògùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan, orúkọ yẹn sì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà kí dókítà tó lanu.

Lórí "àrùn ọpọlọ" tí ẹnì kan fi há ọ̀rọ̀ láàárín, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Etí Yorùbá ń gbọ́ wèrè nínú rẹ̀, àwọn baba wa kò sì kó àwọn àìsàn wọ̀nyí sínú àpò kan náà. Igi asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń pa wèrè lẹ́nu mọ́ ní èròjà kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní reserpine. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà kan kíyè sí i pé àwọn mìíràn tó ń lo èròjà yìí bọ́ sínú àìsàn tí à ń wá orúkọ fún gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ohun tó ń pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ bá lè mú èkejì wá, wọn kì í ṣe àìsàn kan náà. Ẹ tún wo "àbísínwín". Ọ̀rọ̀ tó pé ni, àwọn ìyá wa ló dá a sílẹ̀ fún abiyamọ tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n abiyamọ tí orí rẹ̀ pé, tó kàn jókòó tí kò fẹ́ wo ojú ọmọ, kò ní orúkọ kankan lẹ́nu wa yàtọ̀ sí ọ̀lẹ tàbí agbéraga, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aboyún àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí àìsàn yìí ń mú.

Àìsí orúkọ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell àti Thomas Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1963, wọn kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dúró fún un, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé inú àwọn àmì náà ni ó yẹ kí a ti fa ọ̀rọ̀ yọ, láti ẹnu àwọn tó ń ṣe. Èyí tí mo sì ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu wọn ni ohun tí màmá sọ lẹ́nu ọ̀nà: ayé sú mi. Nínú gbólóhùn yẹn, ayé ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi "má" síwájú rẹ̀.

Nítorí náà, àbá tèmi ni "àárẹ̀ amáyésúni". Bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì: a-mú-ayé-sú-ni, bí ìgbà tí a mú "amóhùnmáwòrán" jáde láti ara a-mú-ohùn-mú-àwòrán. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan "àárẹ̀", nítorí ó ru ìtumọ̀ méjì tí a nílò pa pọ̀: ó jẹ́ rírẹ̀ ara, tó wà nínú àmì mẹ́sàn-án yẹn, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún àìsàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé àárẹ̀ mú bàbá. Àárẹ̀ amáyésúni mú un. Àárẹ̀ amáyésúni ń ṣe wọ́n. Mo kọ́kọ́ ro "àárẹ̀ ọkàn", tó kúrú ju èyí lọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń lo "àrùn ọkàn" fún àìsàn ohun tó ń lù kìkì láyà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n tìtorí tiwa gbé ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ dókítà tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ìsoríkọ́" lè dúró fún ohun tí ojú ń rí lára ẹni tó jókòó, kí ó má jẹ́ orúkọ àìsàn.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní ó gùn, àti pé "amóhùnmáwòrán" tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ayé ń pè é; ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì ní èsì sí i. Ẹ ó ní bí owó epo bá gun òkè, gbogbo Èkó ni ayé ń sú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kì í fi àárẹ̀ síwájú ìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì láìdábọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà yóò rán aláìsàn létí ikú. Àwọn onímọ̀ ti wádìí èyí, wọ́n sì rí i pé bíbi ènìyàn léèrè nípa èrò ikú kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn; ó sábà máa ń jẹ́ kí ó rí ẹni sọ ọ́ fún ni.

Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà lórí PHQ-9, ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò. Níbi tí òyìnbó ti ní "ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ", tí kò sí màmá tó máa ń yé, mo kọ "ó ju ọjọ́ méje lọ nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá", ó sì bọ́ sí i. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ṣì ń dà mí láàmú. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi béèrè ohun tí Yorùbá ń yà sọ́tọ̀: kí nǹkan má wù yín ṣe mọ́, àti kí ẹ ṣe é kí ó má dùn mọ́ yín. Arábìnrin wa nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń rí wọn lójoojúmọ́, èwo nínú méjèèjì ni àwọn aláìsàn yín tètè máa ń dáhùn?