Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ ríìmù píkọ́ọ̀pù yín, kí lojú yín rí?

Ọmọ Onírin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ bọ́ ríìmù tó bá píkọ́ọ̀pù mi wá. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17 fún 7.5 (gíga fún ìbú), wọ́n tẹ ET30 sí i lẹ́yìn, ìyẹn offset mm 30: bí ojú tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín ìbú ríìmù. Èyí tójú mi wà lára rẹ̀ jẹ́ 17 fún 9, offset òdo. Ẹni tó ń tà á ní á wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Bíárìn: Á wọlé. Ibi tó máa yọ sí ni kó o bi í.

Akin Eléruku: Bàbá ti dé 😂

Ìyàwó Awakọ̀: Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkọ mi lọ gbé ríìmù 20 fún 12 wálé, offset −44. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Ọkọ̀ yẹn dúró bí ẹni tó fẹ́ jà. Òjò àkọ́kọ́ ló tú àṣírí. Ẹrẹ̀ ò mọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, ó ń ta gba ilẹ̀kùn lọ, ó ń ta dé dígí ẹ̀gbẹ́. Mo ní kí n sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kí n gba atẹ́gùn, ni ẹrẹ̀ bá gbá mi lójú. Bó bá ń fi rìfáàsì wọlé, tó wá yí sitíárìn dópin, ẹ ó gbọ́ "ghẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀", táyà ń jẹ rọ́bà inú fẹ́ńdà. Mo bi í pé kí ló ń dún. Ó ní rédíò ni.

Akin Eléruku: Rédíò kẹ̀! Ẹ pa mí sẹ́rìn-ín.

Tèmi Yàtọ̀: Màmá, ṣé 12 lóòótọ́, àbí 10?

Ìyàwó Awakọ̀: 12. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, mo mọ ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ìwọ̀n Ò Purọ́: Òótọ́ ni Màmá ń sọ, irú ìwọ̀n yẹn wà dáadáa. Ọmọ Onírin, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n á wo ìbú lọ́tọ̀, wọ́n á wo offset lọ́tọ̀. Ojú ibi tí ríìmù ti ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń de ríìmù mọ́, ni kó o fi ṣe ìpìlẹ̀. Tí ojú yẹn bá bọ́ sí àárín ìbú gẹ́lẹ́, òdo nìyẹn. Tó bá sún sọ́wọ́ ìta, plọ́ọ̀sì ni, ríìmù á wọ abẹ́ ọkọ̀. Tó bá sún sọ́wọ́ inú, máínọ́ọ̀sì ni, ríìmù á yọ síta.

Ó wá ku tìẹ. Íǹṣì 7.5 jẹ́ nǹkan bíi mm 190, ìdajì rẹ̀ 95. Fi 30 kún un: etí inú fi 125 wọlé láti ojú họ́ọ̀bù. Yọ 30 kúrò: etí ìta fi 65 jáde. Íǹṣì 9 jẹ́ nǹkan bíi mm 228, ìdajì rẹ̀ 114. Offset òdo ni, torí náà 114 sínú, 114 síta. Lọ́wọ́ inú, o jèrè mm 11 kúrò lára control arm, apá irin tó so ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ìyẹn dára. Lọ́wọ́ ìta, ó fi mm 49 yọ ju ti tẹ́lẹ̀. Íǹṣì méjì ku díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Onírin: Íǹṣì méjì?! Ó ní "díẹ̀ báyìí" ló máa yọ.

Bàbá Bíárìn: Díẹ̀ ọlọ́jà.

Abẹ́ Ọkọ̀: Èmi kì í fi offset yọ ara mi lẹ́nu, backspacing ni tèmi. Ẹ dojú ríìmù bolẹ̀, ẹ gbé irin tó tọ́ dábùú etí ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ tépù kalẹ̀ láti abẹ́ irin náà dé ojú tó ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Iye tẹ́ ẹ bá kà ni àyè tí ríìmù máa jẹ lọ́wọ́ inú. Ẹ wọn ti àtijọ́, ẹ wọn tuntun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ nǹkan kan rú mi lójú. Mo wọn ríìmù 9 kan tó jẹ́ offset òdo, tépù ka íǹṣì 5. Ṣebí 4.5 ni ìdajì 9?

Tèmi Yàtọ̀: Tépù yín ti gbó.

Ìwọ̀n Ò Purọ́: Tépù ò gbó o. 9 tí wọ́n ń kọ, láti ibi tí ẹsẹ̀ táyà ń jókòó sí lápá kan dé ìkejì ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Etí ríìmù tún lé e, nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ́tùn-ún, ìdajì íǹṣì lósì. Etí dé etí di 10, ìdajì ẹ̀ 5. Mo fojú fo ìyẹn nínú ìṣirò òkè torí ó wà lára ríìmù méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn ò yí padà. Ti ọkọ Màmá ńkọ́? 12 fún −44, backspacing rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 4.77. Ẹ rí i pé ríìmù 12 yẹn ò wọlé tó ti Abẹ́ Ọkọ̀ tó jẹ́ 9. Gbogbo ìbú yòókù, ìta ló wà.

Tèmi Yàtọ̀: Kí wá ni gbogbo wàhálà yìí? Ra spacer mm 25, irin tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù, ET30 á di 5, ọkọ̀ á fẹsẹ̀ tẹ́, owó á kù lápò.

Bàbá Bíárìn: Spacer. Ẹ wá gbọ́ o.

Tèmi Yàtọ̀: Bàbá, mò ń lò ó, ẹ̀mí mi wà.

Bàbá Bíárìn: Mi ò ní o ti kú. Irú èwo lo ń lò? Bó bá jẹ́ èyí tó ní bọ́ọ̀tì tirẹ̀, tó sì di họ́ọ̀bù mú láàárín, mo gbà. Èyí tó jẹ́ pẹrẹsẹ lásán tí wọ́n kàn há sáàárín, bọ́ọ̀tì ọkọ̀ ò ní gùn tó fún nọ́ọ̀tì mọ́. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi rí, mo yí nọ́ọ̀tì fẹ́ẹ́rẹ́, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ni ín sì ti kó ọmọ sẹ́yìn rìn ọ̀nà jíjìn. Spacer o, máínọ́ọ̀sì o, bákan náà ló rí lára bíárìn: ẹrù ti kúrò níbi tí wọ́n ṣe é fún. Sitíárìn náà á máa já mọ́ ẹ lọ́wọ́ bó o bá kan kòtò.

Akin Eléruku: Bàbá, ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru offset. Táyà gíga íǹṣì 35 ló pa bíárìn tèmi, ríìmù tó bá ọkọ̀ wá ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Bíárìn: Ìyẹn náà ń pa á. Mo ha ní kò pa á?

Ẹrù Tèmi: Ẹ má gbàgbé ihò àárín o. Ẹnì kan ta ríìmù píkọ́ọ̀pù Silverado fún àbúrò mi pé á wọ píkọ́ọ̀pù Tacoma rẹ̀, torí ihò bọ́ọ̀tì mẹ́fà lórí òbìrí mm 139.7 ni méjèèjì. Òótọ́ ni, ihò bọ́ọ̀tì bára mu rẹ́gí. Ihò àárín ti Silverado jẹ́ mm 78.1, Tacoma tirẹ̀ (ti ṣáájú 2024) ń fẹ́ 106.1. Àbúrò mi gbé e lọ gbé e bọ̀, họ́ọ̀bù ò gbà.

Akin Eléruku: Ṣé wọn ò lè gbẹ́ ẹ fẹ̀ ni?

Ẹrù Tèmi: mm 28? Kí ló máa ṣẹ́ kù níbẹ̀?

Ọmọ Onírin: Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti yí i sí 8.5, offset +10. Mo ṣe é fúnra mi, mm 33 ló máa yọ síta. Ìwọ̀n Ò Purọ́, ẹ bá mi wò ó.

Ìwọ̀n Ò Purọ́: O gbà á. Wo kálípà bíréèkì náà kó o tó sanwó, ibi tí apá ríìmù ti ń kọjá lójú rẹ̀. Offset ò ní sọ ìyẹn fún ẹ. Bó o bá sì wakọ̀ tó 80 sí 160 km, tún nọ́ọ̀tì fún.

Ìyàwó Awakọ̀: Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun wá ẹni tó máa ra 20 fún 12.

Tèmi Yàtọ̀: Èmi ńkọ́? Ṣé nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀? Ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó ni àbí ó rí roboto?

Bàbá Bíárìn: O fẹ́ gbé e lé orí spacer yẹn?

Tèmi Yàtọ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìwọ̀n Ò Purọ́: −69 nìyẹn o.