Ta ni kí n gbé ìwádìí àtọ̀sí ajá yìí tọ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí l'Abẹ́òkúta. Àtọ̀sí ajá láwọn abúlé etí dáàmù Ọ̀yán, níbi tí àwọn ọmọ ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Oògùn praziquantel ń pa aràn tó ń fa àrùn náà, àmọ́ ọmọ tó lò ó tó tún padà sódò lè tún kó o, torí ìṣáwùrú tó ń gbé e ṣì wà nínú omi. Oògùn nìkan ò tó; kànga ńkọ́?

Mo mú àbájáde lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, ó parí. Ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ (ta ló ń kà á l'Ókè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà?).

Ṣé àwọn baálẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.