Sólà fún ilé yàrá mẹ́ta n'Íbàdàn: èwo ni kí n rà, báwo ni kí n sì ṣe san owó rẹ̀?

Ayálégbé-Akóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ gbé sólà sí ilé yàrá mẹ́ta tí mo ń gbé l'Ákóbọ̀. Ayálégbé ni mí. Iná NẸ́PÀ kì í ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́, kò sì ní àkókò kan pàtó. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ìyókù. Lítà epo mẹ́rin ló ń jẹ lójúmọ́. Tí a bá ṣírò lítà kan ní ₦900, ₦108,000 nìyẹn lóṣù.

Ohun tó wà nílé: fíríìjì kan, fáànù mẹ́rin (mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lóru), gílóòbù mẹ́wàá, tẹlifísọ̀n, kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ̀rọ tó ń fa omi 1hp, àti amúlétutù 1hp kan tó jẹ́ oní-ínfátà (irú tí kì í jẹ iná púpọ̀).

Àwọn mẹ́ta ló ti fún mi ní iye. Ẹni àkọ́kọ́: ínfátà 7.5kVA, bátìrì olómi 12V 220Ah mẹ́rin, páànẹ́ẹ̀lì "600W" mẹ́rin. Ẹni kejì: ínfátà 5kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 5kWh kan, páànẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́fà. Ẹni kẹta ní irú ẹrù ti ẹni kejì gan-an, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni màá fi san án fún oṣù 24. Èwo nínú wọn ni kí n mú?

---

Oníwáyà

Ẹ kú ètò o. Kí ẹ tó wo iye ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ ṣírò òru. Ọ̀sán kò nira: oòrùn wà lókè, páànẹ́ẹ̀lì ń gbé ilé, bátìrì náà ń gba tirẹ̀. Láti aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀ ni bátìrì máa dá gbé ẹrù, ibẹ̀ sì ni owó pọ̀ sí jù.

Yúnìtì tí ẹ ń rà sí mítà, ìyẹn kWh, ni kí a fi ṣírò rẹ̀. Fáànù mẹ́ta tó ń jẹ 65W fún wákàtí mẹ́sàn-án, 1.75. Gílóòbù 9W mẹ́wàá fún wákàtí márùn-ún, 0.45. Tẹlifísọ̀n 100W fún wákàtí márùn-ún, 0.5. Fíríìjì lè jẹ 1.5 lójúmọ́, ká fi ìdajì rẹ̀ sí òru, 0.75. Ẹ fi 0.15 kún un fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo rẹ̀, yúnìtì 3.6. Tí ẹ bá tan amúlétutù fún wákàtí márùn-ún, ẹ fi nǹkan bíi 3 lé e: 6.6.

Ní báyìí, ẹ wo bátìrì ẹni kejì. 51.2V lọ́nà 100Ah, 5.12 nìyẹn. A kì í lò ó gbẹ. 90% rẹ̀ ni ká gbọ́kàn lé, ìyẹn 4.6. Nígbà tí ínfátà bá ń sọ ọ́ di 230V, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ń bá ooru lọ, ó ku 4.1. Ínfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan bíi 50W kódà tí ẹ kò bá tan ohunkóhun. Ní wákàtí méjìlá, 0.6 ti lọ. Yúnìtì 3.5 ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Kò tó 3.6, a ò sì tíì dárúkọ amúlétutù. Bátìrì bẹ́ẹ̀ máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ìdájí, ẹ ó sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Ọ̀nà méjì ló wà. Tí ẹ bá fẹ́ sùn sínú amúlétutù, bátìrì méjì bẹ́ẹ̀ lẹ nílò, 10.24kWh. Tí ẹ bá lè fi amúlétutù sílẹ̀ fún ọ̀sán, ẹ pààrọ̀ fáànù sí oní-BLDC (irú tí mọ́tò rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀) tó ń jẹ 30W. Mẹ́ta fún wákàtí mẹ́sàn-án di 0.8 dípò 1.75, ẹrù òru já sí bíi 2.7, bátìrì kan á sì gbé e dáadáa. Owó fáànù mẹ́ta kò sún mọ́ owó bátìrì kejì rárá. Èmi á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ní ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bátìrì olómi mẹ́rin yẹn jẹ́ 10.56kWh lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ẹ lè máa lò lójoojúmọ́ láìba ayé rẹ̀ jẹ́. Ó tún gbọ́dọ̀ kún dénú déédéé. Ní oṣù Keje sí Kẹjọ tí òjò àti ìkùukùu bá gba ojú ọ̀run n'Íbàdàn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò ní kún, imí-ọjọ́ á sì dì mọ́ awẹ́ òjé inú rẹ̀. Bó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Ó tún ń fẹ́ kí a máa bu omi bátìrì sí i nígbà gbogbo, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sínú yàrá tí à ń sùn nítorí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀. Lítíọ́ọ̀mù LiFePO4 tó bá jẹ́ ojúlówó lè kún kó sì rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, nítorí ìgbà 4,000 sí 6,000 ni wọ́n ń ṣe é fún.

7.5kVA kò wúlò fún yín. Gbogbo ẹrù tí ẹ lè tàn pọ̀ kò tó 2.5kW. Ẹ̀rọ omi yẹn lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá ń dìde, 5kVA sì lè gbé ìyẹn. Bí ínfátà bá ṣe tóbi tó ni iná tó ń jẹ lásán máa ń pọ̀ tó.

---

Enjiníà-Sánńgo

Mo fara mọ́ ìṣirò Oníwáyà. Ọ̀rọ̀ ti páànẹ́ẹ̀lì ni màá fi kún un, torí pé ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ pọ̀ sí.

Ẹ mú téèpù lọ sọ́jà. Páànẹ́ẹ̀lì òde òní ń mú nǹkan bíi 210W sí 220W wá lórí mítà onígun kan. 550W tòótọ́ máa ń gùn tó mítà 2.28, ó sì fẹ̀ tó 1.13, ó lè wúwo tó kílò 28. Tí "600W" ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ mítà 1.72 lọ́nà 1.13, kò lè ju bíi 420W lọ, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì 5kWh: kílò 40 sí 50 ló sábà máa ń wọ̀n. Tó bá fúyẹ́ gan-an, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó dájú jù ni kí ẹ jẹ́ kó kún, kí ẹ fi ẹrù 500W sí i láìsí oòrùn àti NẸ́PÀ. Ó yẹ kó gbé e tó bíi wákàtí méje sí mẹ́jọ. Tó bá kú ní wákàtí márùn-ún, ẹ dá a padà.

Páànẹ́ẹ̀lì mélòó? Mẹ́fà jẹ́ 3.3kW. Tí oòrùn bá dára, ká fi wákàtí mẹ́rin tó mú gan-an ṣírò rẹ̀, ká yọ ìdá márùn-ún kúrò fún eruku àti ooru: nǹkan bíi yúnìtì 10.5 lójúmọ́. Nínú òjò, ó lè já sí 8 tàbí kó tún dín. Mẹ́fà tó fún ilé tí kò tan amúlétutù lóru. Tí ẹ bá ra bátìrì méjì, ẹ jẹ́ kó di mẹ́jọ.

Kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ínfátà. Páànẹ́ẹ̀lì 550W kan máa ń ní nǹkan bíi 49.8V nígbà tí kò tíì gbé ẹrù. Mẹ́fà ní síríìsì (tí a tò tẹ̀lé ara wọn, tí fóltì wọn ń ròpọ̀) jẹ́ 299V, mẹ́jọ jẹ́ 398V. Ínfátà tó ń gba 500V lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ínfátà kan wà tí kò gbà ju 145V lọ. Méjì péré lẹ lè tò ní síríìsì lórí irú ìyẹn, kí ẹ wá so méjì-méjì náà pọ̀ ní pàrálẹ́ẹ̀lì (ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí fóltì kò ní pọ̀ sí i). Mẹ́ta á di 149V, ojú ibẹ̀ ni á ti jóná, kò sì sí ẹni tó máa gba gàráńtì yẹn lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọjú wọn sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ eruku dànù. Tí òjìji igi máńgòrò tàbí táńkì omi bá bo ẹyọ kan nínú wọn, gbogbo àwọn tó wà ní síríìsì kan náà ló máa fà sẹ́yìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ wọ́n ní àárọ̀ kùtù, kí ojú wọn tó gbóná.

Wáyà bátìrì ni mo rí pé wọ́n ń fi dín owó kù jù. 5,000W lórí 48V lé ní 100A. 35mm² ni kí wọ́n lò, kó má gùn ju mítà méjì lọ, pẹ̀lú bíréékà DC 125A (DC ni iná bátìrì àti páànẹ́ẹ̀lì, AC ni iná inú ilé). Kó jẹ́ ti DC gan-an o: bíréékà AC kì í lè pa iná tó bá ń fò nínú DC, ó lè jó. 6mm² tó fún wáyà páànẹ́ẹ̀lì. Ẹ má gbàgbé ohun tó ń gba àrá, méjì, ọ̀kan lórí DC, ọ̀kan lórí AC, àti irin ilẹ̀ tó wọlé dáadáa.

Níbi pínpín iná, ẹ jẹ́ kí ayọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi wà lórí NẸ́PÀ nìkan. Níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) àwọn tó wà lórí ínfátà kò gbọ́dọ̀ pàdé níútírà àwọn tí kò sí lórí rẹ̀. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ilé àtijọ́: ínfátà á máa pa ara rẹ̀ tí NẸ́PÀ bá dé, tàbí kó tiẹ̀ bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ sẹ́tíǹgì wò. Lítíọ́ọ̀mù oníhòrò 16 kò yẹ kó ju 56.8V lọ tó bá ń kún, kí ó dúró sí 54V lẹ́yìn náà, kí ínfátà sì gé e ní 48V. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ sí ti bátìrì olómi, ìpele kan wà tó ń gbé iná sókè láti fi fọ òjé. Lítíọ́ọ̀mù kò nílò rẹ̀, ó sì ń ba a jẹ́. Kí ìwọ̀n tí NẸ́PÀ fi ń kún un jẹ́ 30A sí 50A fún bátìrì kan.

---

Akápò-Ẹgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ká ìwé ẹni kẹta sílẹ̀, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tí mo bá san gbogbo owó lónìí, èló ni?" Tó bá kọ̀ láti sọ, ẹ má bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦2,400,000 ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ní kí ẹ san ₦720,000 sílẹ̀, kí ẹ máa san ₦130,000 lóṣù fún oṣù 24. Àpapọ̀ jẹ́ ₦3,840,000. Ìyẹn ni pé ₦1,680,000 ni ẹ yá, ẹ sì san èlé ₦1,440,000 lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6% lóṣù lórí owó tó bá kù. Wọ́n lè máà pe orúkọ rẹ̀ ní èlé, ṣùgbọ́n èlé náà ni.

Ti báńkì náà, ẹ bi wọ́n bóyá orí gbogbo ojú owó ni èlé wà títí dé òpin, tàbí orí èyí tó ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. ₦2,400,000 ní 3% lóṣù fún oṣù 12: tó bá jẹ́ lórí gbogbo ojú owó, ₦272,000 lẹ ó máa san lóṣù, èlé ₦864,000. Tó bá jẹ́ lórí èyí tó ṣẹ́kù, nǹkan bíi ₦241,000 ni, èlé kò tó ₦500,000. "3%" kan náà ni wọ́n kọ sórí ìwé méjèèjì. Ẹ tún bèèrè owó fọ́ọ̀mù àti owó ìṣírò, àti bóyá wọ́n ń gba ìtanràn tí ẹ bá tètè san tán. Ẹ má retí ẹ̀yáwó olówó pọ́ọ́kú ní báńkì: 27.5% ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé ní Oṣù Kọkànlá 2024, ó sì dín in kù sí 27% péré ní Oṣù Kẹsàn-án 2025. Orí èlé ìpìlẹ̀ náà, iye yòówù tó bá jẹ́, ni báńkì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Owó epo yín ni kó jẹ́ òdiwọ̀n. ₦108,000 ló ń jáde lóṣù. ₦241,000 ju agbára yẹn lọ ní ìlọ́po méjì, tí ẹ bá sì pẹ́ san lẹ́ẹ̀mejì, ìtanràn á wọlé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdajì, ₦1,200,000, lẹ yá, bíi ₦120,500 ni lóṣù, kò jìnnà sí owó epo. Nítorí náà, ẹ kó ìdajì jọ, ẹ yá ìdajì. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ tàbí ti àdúgbò ló dára jù fún ìdajì yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí èèyàn bá ti fi pamọ́, èlé wọn kì í pọ̀, onígbọ̀wọ́ méjì ló sì sábà máa ń tó. Àjọ náà dára fún fáànù BLDC àti wáyà, kì í ṣe fún bátìrì, torí iye bátìrì lè yí padà kó tó kàn yín.

Àwọn kan ń retí owó DARES, ètò iná sólà kan, 750 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá 2023. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé iná lọ síbi tí kò ti sí tàbí tí kò tó ni owó yẹn wà fún. Kì í ṣe ohun tí onílé kan lè lọ gbà fúnra rẹ̀.

---

Ayálégbé-Akóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa bù sí i. Màá mú ti ẹni kejì, màá pààrọ̀ fáànù, màá sì fi amúlétutù mọ sí ọ̀sán. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé mo lè ra bátìrì kejì lọ́dún tó ń bọ̀? Kí sì ni kí n ṣe nípa onílé, tí mo bá fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ iwájú?

---

Oníwáyà

Bátìrì kejì ṣeé fi kún un, tó bá jẹ́ irú kan náà, 51.2V, iléeṣẹ́ kan náà, kò sì tíì pẹ́ jù. Kí ẹ tó so wọ́n pọ̀ ní pàrálẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì kún tán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀kan bá kún tí èkejì sì rọ̀, iná máa ya lọ sínú èyí tó rọ̀ lójijì, BMS rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré inú bátìrì tó ń dáàbò bò ó) á sì gé ara rẹ̀ kúrò. Ẹ bi ẹni kejì lónìí bóyá bátìrì rẹ̀ gba irú àsopọ̀ yìí àti mélòó ló lè gbà. Ọgbọ́n míì ni kí ẹ ra páànẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ láti ìsinsìnyí, torí iye tí ẹ máa san fún gbígùn òkè lẹ́ẹ̀kejì lè ju owó páànẹ́ẹ̀lì méjì lọ.

---

Akápò-Ẹgbẹ́

Ní ti onílé, ẹ gba ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé. Kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiyín ni páànẹ́ẹ̀lì, irin, ínfátà àti bátìrì, pé ẹ lè tú wọn nígbà tí ẹ bá ń kó lọ, àti pé ẹ̀yin lẹ máa dí ihò tí ẹ bá lu. Kí ẹ méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Wáyà tó bá ti wọ inú ògiri, ẹ ṣírò rẹ̀ pé ẹ ti fi sílẹ̀.

Ẹ má san gbogbo owó fún ẹni tó ń tò ó lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ kù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ẹ ó fi dán bátìrì wò bí Enjiníà ṣe sọ. Kí ó kọ nọ́ńbà ara bátìrì, ti ínfátà àti ti páànẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọdún gàráńtì àti ẹni tó máa gbé ẹrù wálé tí nǹkan bá bàjẹ́.