Ìmọ̀ràn lórí ohùn àwọn ìyá wa ní Peckham
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ń gba ohùn àwọn òbí wa sílẹ̀ lórí ibi tí wọ́n kà sí ilé, a ó sì pa á pọ̀ mọ́ ariwo ọjà Rye Lane kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ. Ìyá kan bú sẹ́kún bó ti ń ki oríkì Oníkòyí, tó sì ń dárúkọ àwọn òkú rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìfọwọ́sí ẹ̀ẹ̀kan tó. Ṣé kí a kọ́kọ́ gbé e fún un gbọ́, àbí kí a yọ ẹkún náà kúrò?