Níbo gan-an ni owó ìgbéyàwó yín ti dín kù?

Ìyàwó Ọ̀la
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìdána àti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Ìbàdàn la ti máa ṣe é. Nǹkan ti wọ́n kọjá sísọ, a ò sì fẹ́ yáwó. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n ṣe é níwọ̀n o. Ẹ sọ ibi tí tiyín ti dín kù.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú oríire. Ìwé ẹrù ìdána ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi ló kọ ọ́ fún ẹbí ọkọ mi: iṣu 42, obì 42, orógbó 42, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan fíríìjì. Kì í ṣe pé inú wọn burú. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà ọmọ tiwọn ni wọ́n dà kọ. Bàbá mi gba ìwé náà, wọ́n mú bírò. Wọ́n ní, "Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, ààdùn, ìwọ̀nyí la fi ń wúre, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Iṣu, kí wọ́n mú ìwọ̀nba wá. Fíríìjì ńkọ́? Ṣé a fẹ́ fi òun náà wúre ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa igi lé e. Owó orí, wọ́n dá a padà lójú agbo, pé àwọn ò ta ọmọ.

Ẹ ṣọ́ àwọn alága o! Yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á tún gba owó ìkanlẹ̀kùn, owó lẹ́tà kíkà, owó ìṣíjú ìyàwó. Ìyá ọkọ mi ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n kó gbogbo owó yẹn sínú àpòòwé kan, wọ́n ní bó bá tán, ó tán. Alága kọrin, ó pe àwọn ọkọ ní ahun, a rẹ́rìn-ín títí, àpòòwé kejì ò jáde.

Alásè Bódìjà
Èmi tí mò ń dáná òde, ẹ jẹ́ n tú àṣírí díẹ̀. Onírúurú oúnjẹ ló ń jẹ owó yín. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹran tirẹ̀, gáàsì tirẹ̀ àti ẹni tó máa bù ú. Níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, jọ̀lọ́ọ̀fù àti àmàlà nìkan la sè, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ìbàdàn ni, ta ló fẹ́ bèèrè iyán? Máàlù, a rà á láàyè, ẹbí méjèèjì dá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹni tó lójú sí ìdí ẹran, kí ṣàkì àti ẹsẹ̀ má bá alápatà lọ. Ní ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé á gba èyí tó bá ṣẹ́ kù padà, kí ẹ tó sanwó.

Sísí Ọ̀jẹ́
Ẹni tó bá ní kí ẹ pe 100 èèyàn péré kò tíì pàdé màmá yín. Ìyẹn ò ṣeé ṣe nílé wa, kí n má purọ́. Aṣọ ni mo fi gbà á. Ìyá mi yọ sányán tiwọn láti ìsàlẹ̀ àpótí, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. A sá a sí afẹ́fẹ́, mo wọ̀ ọ́, àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ló hun ún. Ti ọkọ mi nìkan la rà, ní Ọjà Ọ̀jẹ́, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ 16 síra wọn, lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti Ìṣẹ́yìn. Aṣọ ẹbí, fìlà àti gèlè la mú. Kálukú wá aṣọ tó bá a mu nílé ara rẹ̀.

Dádì Tòun Tẹrù
Ọjọ́bọ̀ la ṣe tiwa, ìdána láàárọ̀, ìsìn lọ́sàn-án. Àwọn kan kùn pé àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì wá. Kí ẹ tó lọ wo họ́ọ̀lù kankan, ẹ bi ṣọ́ọ̀ṣì yín bóyá wọ́n ní gbọ̀ngàn. Owó dísù fún jẹnẹrétọ̀ nìkan ni tiwa gbà.