Báwo lẹ ṣe ń mọ ọ̀dọ́ agẹṣin tó mọṣẹ́ nínú ìje ẹṣin oní-fífò? Ẹ sọ ìrírí yín

Ará Reading
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lọ wo ìje ẹṣin oní-fífò, èyí tí ẹṣin ti ń fo ìdènà, ní pápá Newbury, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ gbé mi débẹ̀, síbẹ̀ ohun kan wà tí kò tíì yé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ gbégbá orókè, gbogbo àwọn tó dúró tì mí sì ń sọ pé ọ̀gá tuntun ti dé. Nínú ìje tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan náà já bọ́ ní ìdènà kejì, àwọn èèyàn kan náà sì ní kò mọ nǹkan kan. Kí lẹ̀yin fojú ara yín rí tó jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ́ agẹṣin kan mọṣẹ́ lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì
Iye ìgbà tó borí ni mo máa ń kà, nítorí òun nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn lé lórí.

Atọ́jú Ẹṣin, Lambourn
Ẹnu ẹṣin ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ọdún kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú ẹṣin ìje, èmi ni mo sì máa ń bọ́ ìjánu lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ti orí pápá dé. Bí ọwọ́ agẹṣin bá le, tó ń fa okùn ìjánu bí ẹni ń fa omi nínú kànga, igun ẹnu ẹṣin náà á ti bó, á sì máa gbé orí sókè bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èyí tí ọwọ́ agẹṣin rẹ̀ rọ̀ á dúró jẹ́ẹ́ títí n ó fi ṣe tán. Ẹni tó jókòó lókè láàrin èrò kò lè rí èyí láé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Ọmọ ọdún 19 kan gun ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí mo ń tọ́jú. Ó ku ìdènà méjì, ipò kẹta ni wọ́n wà, ẹni tó ni ẹṣin sì ti dìde dúró tó ń pariwo. Lójijì ni ọmọ náà fara sẹ́yìn, ó rọra fa okùn, ó sì darí ẹṣin náà yà kúrò kí ó tó dé ìdènà. Inú bí olówó ẹṣin débi pé kò wo ojú rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi ni pé, láti ìgbà tí wọ́n ti balẹ̀ ní ìdènà tó ṣáájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ẹṣin náà kò tẹlẹ̀ mọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo mú ẹṣin náà rìn síwá sẹ́yìn, n kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ yẹn ti gbóná, ó sì ti wú. Ká ní ó fo ìdènà méjì yòókù ni, ó ṣeé ṣe kí iṣan náà já pátápátá, kí a má sì mú ẹṣin náà délé.

Nọ́ọ̀sì Liverpool
Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe kà á. Ọmọdé tó gbọ́ ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo láàrin ariwo bẹ́ẹ̀, tó sì láyà láti ṣe ohun tí yóò bí ẹni tó ń sanwó nínú, kí la tún fẹ́ kí ó ṣe ká tó gbà pé ó mọṣẹ́?

Bàbá Ìbejì
Àbúrò mi ará Lambourn, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ béèrè. Ẹṣin mélòó ni àwọn ọ̀dọ́ ń fà dúró tí ara rẹ̀ yá gágá, tó jẹ́ pé ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni àyà ń já? Èyí tó bọ́ sí rere nìkan la máa ń ròyìn. A.P. McCoy borí nígbà 74 ní sáà 1994 sí 1995, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó di agẹṣin tó borí jù lọ nínú ìje oní-fífò ní Bìrìtéènì, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2015, ogún sáà gbáko. Iye tó kà nígbà èwe rẹ̀ kò parọ́ fún wa.

Olùṣírò Leeds
Ìwọ̀n ni ẹ kò tíì mẹ́nu bà, Bàbá Ìbejì. Agẹṣin tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Bìrìtéènì máa ń rí ìdínkù ìwọ̀n gbà, ìyẹn ni pé ìwúwo tí ẹṣin rẹ̀ ń gbé á dín kù: pọ́n-ùn 7 títí tí yóò fi borí nígbà 20, pọ́n-ùn 5 títí dé 40, pọ́n-ùn 3 títí dé 75. Pọ́n-ùn 7 ju kílò mẹ́ta lọ. Nítorí náà, nínú ìborí ogún àkọ́kọ́ ọ̀dọ́ kan, n kò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ àti èyí tó jẹ́ ti ìwọ̀n. Mo máa ń dúró kí ó kọjá 75 kí n tó sọ̀rọ̀.

Ìyá Ṣadé, Dublin
Bí ẹ bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ ó pàdánù ohun tó dára jù lọ. Mo rántí Cheltenham ọdún 2017, ọ̀sẹ̀ ìje oní-fífò ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Labaik, oríkunkun ẹṣin tó ti kọ̀ láti gbéra rí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré lọ. Jack Kennedy, ọmọ ọdún 17, ló gùn ún. Mo dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ń retí pé yóò tún dúró gbagidi, àfi bí ó ṣe bá wọn gbéra wọ́ọ́rọ́, tó sì gba ìje tó ṣí ọ̀sẹ̀ náà. Ìdínkù ìwọ̀n kò lè sọ pé kí ẹṣin tó kọ̀ ó gbà.

Ní ti iye tí Bàbá Ìbejì ń kà, Rachael Blackmore ti pé ọmọ ọdún 25 kí ó tó sọ ẹṣin gígùn di iṣẹ́ òòjọ́ ní 2015. Ta ló ń ka tirẹ̀ nígbà náà? Ní 2021, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Grand National, ìje oní-fífò tó lókìkí jù lọ ní Bìrìtéènì, lórí ẹṣin tó ń jẹ́ Minella Times. Nítorí kòrónà, kò sí èrò ní Aintree, pápá tí wọ́n ti ń sá a, lọ́jọ́ náà, ilé ni gbogbo wa ti wò ó. Ohun tó wú mi lórí ni bí ó ṣe ń wá àyè sílẹ̀ níwájú ẹṣin rẹ̀ kí ó lè rí ibi tí yóò fò.

Atọ́jú Ẹṣin, Lambourn
Ìyá Ṣadé, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n Olùṣírò, láìsí ìdínkù yẹn, olùkọ́ ẹṣin wo ni yóò gbé ẹṣin gidi fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2018, James Bowen, ọmọ ọdún 16, gba Welsh National, ìje oní-fífò ọlọ́nà jíjìn ní Wales, ní pápá Chepstow lórí Raz De Maree, ẹṣin ọdún 13, nínú ẹrẹ̀ tó jìn. Ẹṣin àgbà bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọdé máa lé òun. Ẹni tó bá ní sùúrù láti jẹ́ kí ó máa ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ni yóò bá a dé òpin.

Ará Reading
Ẹ dákun, ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, lẹ́tà U ni wọ́n kọ síwájú ẹṣin rẹ̀ nínú ìwé èsì ìje. Ṣé òun náà ni F?

Olùṣírò Leeds
Rárá o. F ni pé ẹṣin ṣubú, U ni pé ẹṣin kò ṣubú ṣùgbọ́n agẹṣin bọ́ kúrò lórí rẹ̀. F jẹ́ ti ẹṣin, U jẹ́ ti ọmọ náà.

Atọ́jú Ẹṣin, Lambourn
Èyí ni n kò fara mọ́. Bí ẹṣin bá balẹ̀, tó fi imú gbálẹ̀, tó sì yà sápá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀gá tí yóò dúró lórí gàárì. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí okùn ìjánu yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ kọjá kí ẹṣin lè na ọrùn rẹ̀ láti gbé ara rẹ̀ ró, á sì fara sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rọ̀ mọ́ okùn náà, á sì bá a lọ sílẹ̀. U tí mo bá ti rí okùn tó yọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í kà á sí ọmọ náà lọ́rùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin ní Ojúde Ọba, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ láàrin ìlù àti ìró ìbọn ni àwọn àgbà máa ń tọ́ka sí.

Bàbá Ìbejì
Ojúde Ọba lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fo ìdènà níbẹ̀. Ní ti U, àwọn baba wa sọ ọ́: bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ọmọ tó bá yára padà sórí ẹṣin ni mo máa ń yìn.

Nọ́ọ̀sì Liverpool
Bàbá, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ má fi òwe yẹn ti ọmọ ọlọ́mọ. Láti 2009 ni òfin Bìrìtéènì ti sọ pé ẹni tó bá já bọ́ kò gbọdọ̀ tún ẹṣin náà gùn láti parí ìje. Mo ti tọ́jú ọ̀dọ́kùnrin kan tó já bọ́ lórí ẹṣin, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé ara òun le, tí kò sì mọ ọjọ́ tí a wà. Ọ̀dọ́ tó sọ òtítọ́ fún dókítà nígbà tí orí rẹ̀ ń fò lọ́wọ́, tó sì gbà láti jókòó sílé, èmi kà á mọ́ ìmọ̀ iṣẹ́.

Bàbá Ìbejì
Mo gba ìyẹn lẹ́nu yín, Nọ́ọ̀sì. Àbúrò ará Lambourn, ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ wíwú yẹn ńkọ́? Ṣé ó tún sáré?

Atọ́jú Ẹṣin, Lambourn
Oṣù mọ́kànlá ni a fi tọ́jú rẹ̀, Bàbá. Omi tútù lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn náà ìrìn, lẹ́yìn náà ìsáré díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó padà, olówó ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ní ọmọ yẹn ni kí wọ́n fún. Ipò kẹrin ni wọ́n ṣe. Mo bọ́ ìjánu lẹ́nu rẹ̀, kò sí àmì kankan níbẹ̀.